Ẹyin tí kò pa: kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọlẹ̀ láàárín ọjọ́ 21, ọjọ́ wo ló sì máa ń kú?

ÌyáOlóko

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé yìí. Mo fẹ́ kí àwọn tó mọ iṣẹ́ ìsàba dunjú bá wa la ọ̀rọ̀ yìí yékéyéké. Bí ẹyin bá kọ̀ tí kò pa, ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ ni pé "àkùkọ ò ṣiṣẹ́", wọ́n á sì kó gbogbo ẹ̀ dànù. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe gbogbo ẹyin tí kò pa ni kò ní ọlẹ̀ nínú. Ìbéèrè mi nìyí: ìgbà wo gan-an ni ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í di òròmọdìyẹ? Kí ló dé tí wọ́n ní ká máa yí i? Kí ló sì ń fà á tí òròmọdìyẹ tó ti pé pérépéré, tó ti hu ìyẹ́, á tún kú sínú èèpo lọ́jọ́ tó yẹ kó jáde?

Olùkọ́Ẹ̀dá

Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ọjọ́ tí ẹyin wọ ẹ̀rọ ìsàba ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Rárá o. Nígbà tí adìyẹ bá fi máa yé ẹyin, iṣẹ́ ti ń lọ nínú ẹ̀ láti bí ọjọ́ kan.

Pupa ẹyin yẹn gan-an ni ẹyin tòótọ́, sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo sì ni, ìyẹn ẹyọ kan nínú ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ara ohun alààyè. Bó bá ti já bọ́ láti ibi tó ti gbó, ẹnu ọ̀nà kan tó fẹjú ló ń gbà á, ibẹ̀ ni àtọ̀ ti ń pàdé rẹ̀, láàárín bíi ìṣẹ́jú 15. Bó bá kọjá ibẹ̀ láìpàdé àtọ̀, funfun ẹyin á bò ó, ó parí nìyẹn. Àtọ̀ púpọ̀ ló ń wọ ẹyin ẹyẹ, àmọ́ ọ̀kan péré ni yóò dà pọ̀ mọ́ ti ìyá. Kò sì dìgbà tí àkùkọ bá gun adìyẹ lójoojúmọ́. Adìyẹ ní àwọn ihò tíntìntín nínú ọ̀nà ẹyin rẹ̀ tó ń tọ́jú àtọ̀ sí, ó sì lè máa yé ẹyin tó ní ọlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn tí wọ́n bá mú àkùkọ kúrò. Ìdí nìyẹn tí àkùkọ 1 fi tó adìyẹ 10.

Lẹ́yìn náà ni funfun ẹyin á yí i ká fún nǹkan bíi wákàtí 3, awọ fẹ́lẹ́ méjì inú èèpo á gba wákàtí kan àti díẹ̀, èèpo fúnra rẹ̀ á gba bíi wákàtí 20. Gbogbo ìgbà tí èyí ń lọ, sẹ́ẹ̀lì kan yẹn ti ń pín. Ní nǹkan bíi wákàtí 5 lẹ́yìn tó já bọ́, ó di 2, lẹ́yìn náà 4, lẹ́yìn náà 8. Kì í tóbi sí i, pípín ló kàn ń pín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé ẹyin nínú ìtẹ́, sẹ́ẹ̀lì tó wà lórí pupa rẹ̀ ti tó 40,000 sí 60,000.

Ẹ lè fi ojú rí i. Ẹ rọra fọ́ ẹyin tútù sínú àwo, ẹ wo àmì funfun tó wà lórí pupa. Bí kò bá ní ọlẹ̀, àmì náà á kéré, bíi mílímítà 2, á funfun gbù, etí rẹ̀ á sì rí jágajàga. Bó bá ní ọlẹ̀, á fẹ̀ tó mílímítà 4, á rí róbótó, àárín rẹ̀ á mọ́, etí rẹ̀ ló máa funfun. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àkùkọ ń ṣiṣẹ́, kó fọ́ ẹyin 20 kó tó kó 500 sínú ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn pé àkùkọ ló ń fún èèyàn ní abo. Nínú ẹyẹ, ìyá ló ń pinnu akọ tàbí abo. Àtọ̀ àkùkọ, irú kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ẹyin adìyẹ ló pín sí oríṣi méjì.

AlábòójútóẸ̀rọ

Ohun tí Olùkọ́ sọ yìí ló jẹ́ kí ibi tí ẹ ń kó ẹyin pamọ́ sí ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹyin bá bọ́ sílẹ̀, ó ń tutù, àwọn sẹ́ẹ̀lì á dá iṣẹ́ dúró. Wọn ò kú, ìsinmi ni wọ́n wà. Àmọ́ bí yàrá bá gbóná kọjá bíi 21°C, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í pín, ìpínkupín tí kò tẹ̀lé ètò. Ẹyin tó wà ní yàrá tó ń gbóná lọ́sàn-án tó ń tutù lóru, bó ṣe wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa, ọlẹ̀ inú rẹ̀ á máa jí, á tún máa sùn, títí agbára rẹ̀ á fi tán. Irú wọn ló ń kú ní ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹrin nínú ẹ̀rọ, tí wọ́n á sì ní àkùkọ ni kò dáa.

Ìwọ̀n tó dára: 15 sí 18°C, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bíi ìdá 75 nínú 100, ìdí ṣóṣóró ní ìsàlẹ̀, kó má kọjá ọjọ́ 7. Lẹ́yìn ọjọ́ 7, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá tún lò níbẹ̀ ń fi nǹkan bíi wákàtí kan kún àkókò tí yóò pa, iye tí yóò pa á sì máa já wálẹ̀. Ẹni tí kò bá ní yàrá tútù, kó máa kó ẹyin nínú ìtẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, kó gbé wọn síbi òjìji tí atẹ́gùn ń fẹ́, kó sì kó wọn sẹ́rọ láàárín ọjọ́ 3 sí 4. Kó má gbé e sínú fíríìjì tí wọ́n ń gbé omi mímu sí, ìyẹn tutù jù.

Ẹ má fi omi tútù fọ ẹyin ìsàba. Awọ tó bo èèpo lóde ló ń dí ẹnu àwọn ihò mímí, tí wọ́n tó nǹkan bíi 10,000 lára ẹyin kan. Ẹ bá fọ̀ ọ́, ẹ ti ṣílẹ̀kùn fún kòkòrò àrùn. Èyí tó bá ní ìdọ̀tí díẹ̀, ẹ fi nǹkan gbígbẹ ha á. Èyí tí ìgbẹ́ bò, ẹ fi sílẹ̀. Bí ẹ bá sì ń gbé e bọ̀ láti yàrá tútù, ẹ jẹ́ kó jókòó ní yàrá lásán fún wákàtí 6 sí 12 kó má bàa làágùn nínú ẹ̀rọ.

Olùkọ́Ẹ̀dá

Ó yá, ọjọ́ 3 àkọ́kọ́ nínú ẹ̀rọ. Ibí ni mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀, torí gbogbo ara òròmọdìyẹ ni wọ́n ti ń pín síbi tó yẹ níhìn-ín.

Nígbà tí ẹyin bá gbóná, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí pupa á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan á yọ láti etí ẹ̀yìn, á máa gùn lọ sí àárín. Ní nǹkan bíi wákàtí 18, ó ti gùn dé ibi tó ń gùn dé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì òkè ń gba inú ìlà yìí wọ ìsàlẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ wọlé tó lọ jìnnà jù ni yóò di awọ inú ìfun, ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn tó dúró sí àárín ni yóò di ọkàn, ẹ̀jẹ̀, egungun, ẹran ara àti kíndìnrín. Àwọn tí kò wọlé rárá, tí wọ́n dúró lókè, ni yóò di awọ ara, ìyẹ́, ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Ìpele mẹ́ta yìí kan náà ló wà lára ọlẹ̀ ẹja, ọ̀pọ̀lọ́, ewúrẹ́ àti ènìyàn.

Kókó kékeré kan wà lórí ìlà náà, òun ló ń darí àwọn yòókù. Hans Spemann àti Hilde Mangold ní Jámánì ló kọ́kọ́ fi irú agbára bẹ́ẹ̀ hàn, ní 1924, lára ọlẹ̀ ẹran omi kan tó jọ alángbá: wọ́n gé ẹ̀yà kékeré yẹn lára ọlẹ̀ kan, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíràn, ẹni tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ní ara kejì, pẹ̀lú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn tirẹ̀. Spemann gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1935.

Láti ibi kókó yìí ni orí ti kọ́kọ́ yọ, tí ara á sì máa gùn lọ sí ìdí. Awọ òkè á ká sókè lọ́tùn-ún lósì, etí méjèèjì á pàdé, á di ọ̀pá tó ṣófo nínú: ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn nìyẹn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ègé ẹran kéékèèké á máa yọ ní méjì méjì, bíi méjì ní ìṣẹ́jú 90-90, tí àkókò rẹ̀ kì í yẹ̀. Wọn ló ń di eegun ẹ̀yìn, ìhà àti ẹran ẹ̀yìn. Iye wọn ni àwọn onímọ̀ fi ń mọ ọjọ́ orí ọlẹ̀ kékeré. Viktor Hamburger àti Howard Hamilton ní Amẹ́ríkà pín gbogbo ọjọ́ 21 yìí sí ìpele 46 ní 1951, ìpín yẹn náà ni gbogbo ayé ṣì ń lò.

Ọkàn bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀pá méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Wọ́n á pàdé lábẹ́ orí, á di ọ̀kan, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù ní nǹkan bíi wákàtí 33 sí 38. Ó ń lù kí ẹ̀jẹ̀ tó ní ibi tó máa gbà. Lópin ọjọ́ kejì, ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn jáde lọ sórí pupa, ó sì ń padà wálé pẹ̀lú oúnjẹ. Aristotle ní Gíríìsì àtijọ́ ti fọ́ ẹyin adìyẹ wò lọ́jọ́ tẹ̀ lé ọjọ́, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, òun rí ọkàn bí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ tó ń lù.

Bí ẹ̀rọ bá gbóná jù ní àkókò yìí, ọ̀pá ọpọlọ kì í pa dé dáadáa. Ẹ ó rí òkú ọlẹ̀ tí ọpọlọ rẹ̀ wà níta, tí kò ní ojú kan, tàbí tí àgógó ẹnu rẹ̀ wọ́. Kì í ṣe ayé tàbí àjẹ́. Ẹ lọ wo tẹmómítà yín.

ỌmọÀgbẹ̀

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Ṣé ẹ̀jẹ̀ tóótòòtó tí a máa ń rí lára ẹyin tí a fẹ́ dín, ṣé ọlẹ̀ ni?

DókítàẸran

Rárá, àbúrò. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kékeré kan ló já níbi tí pupa ti ń gbó, kí ó tó já bọ́. Ẹyin adìyẹ tí kò rí àkùkọ rí láyé ẹ̀ náà lè ní in. Ọlẹ̀ kì í ní ẹ̀jẹ̀ tí ojú lè rí àfi tí ẹyin bá ti wà nínú ooru fún bí ọjọ́ 2.

AlábòójútóẸ̀rọ

Lórí ooru: ẹ̀rọ tó ní fáànù, 37.5 sí 37.8°C. Ẹ̀rọ tí kò ní fáànù, 38.3 sí 38.9°C, kí orí tẹmómítà sì bá orí ẹyin mu, kó má sùn sí ìsàlẹ̀, kó má sì gbé sókè. Ooru àpọ̀jù ló burú ju òtútù lọ. Ọlẹ̀ lè fara da wákàtí mélòó kan nínú òtútù, yóò kàn pẹ́ pa ni. Àmọ́ tí inú ẹyin bá dé 40°C fún wákàtí mélòó kan, òkú ni.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná wá ńkọ́? Bí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ kò bá tíì jí, ẹ wo ọjọ́ orí ẹyin kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹyin tí kò tíì pé ọjọ́ 10 kò ní ooru tirẹ̀. Ẹ ti ẹ̀rọ pa, ẹ má ṣí i, kí ooru inú rẹ̀ má sá. Ẹyin tó ti kọjá ọjọ́ 15 ń mú ooru jáde fúnra rẹ̀, bí fáànù bá sì dúró, àárín ẹ̀rọ lè gbóná pa wọ́n kí iná tó dé. Ìyẹn, ẹ ṣí ojú ihò afẹ́fẹ́, ẹ sì ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe òdìkejì: wọ́n á fi aṣọ bo ẹ̀rọ ẹyin ọlọ́jọ́ 18.

Ní ọjọ́ 7 sí 10, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹyin nínú òkùnkùn, láti ìdí tó gbòòrò. Èyí tó wà láàyè, ẹ ó rí àmì dúdú kékeré tí iṣan ẹ̀jẹ̀ tàn káàkiri láti ara rẹ̀ bí aláǹtakùn, á sì máa mì. Èyí tó mọ́ gaara, bóyá kò ní ọlẹ̀, bóyá ọlẹ̀ rẹ̀ kú kí ẹ̀jẹ̀ tó yọ. Ẹ fọ́ ọ kí ẹ tó dájọ́. Èyí tó ní òrùka ẹ̀jẹ̀ pupa tó yípo láìsí nǹkan láàárín, ọlẹ̀ kú ní ọjọ́ 2 sí 4. Òrùka ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ túmọ̀ sí mẹ́ta: ẹyin pẹ́ níta, ooru kò dúró lójú kan, tàbí wọ́n fín fọ́málíìnì, oògùn apakòkòrò, sí i láàárín wákàtí 24 sí 96 àkọ́kọ́. Ẹ má fín ohunkóhun sí ẹyin ní wákàtí wọ̀nyẹn.

ÌyáOlóko

Olúwa á bù kún yín. Ẹ wá dáhùn tí yíyí o.

Olùkọ́Ẹ̀dá

Màmá, yíyí jẹ mọ́ àwọn àpò tó yí ọlẹ̀ ká, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n ṣáájú. Àpò kan gba pupa ẹyin mọ́ra, ó sì ń fà á sínú ẹ̀jẹ̀ bí oúnjẹ. Àpò kejì kún fún omi, inú rẹ̀ ni ọlẹ̀ ń lúwẹ̀ẹ́, kí ara rẹ̀ má bàa lẹ̀. Ẹ̀kẹta, allantois, yọ láti ìdí ìfun ní ọjọ́ 3 sí 4. Ó bẹ̀rẹ̀ bí àpò ìtọ̀, ṣùgbọ́n ó ń fẹ̀ títí yóò fi tẹ́ gbogbo abẹ́ èèpo. Nígbà náà òun ni ẹ̀dọ̀fóró ọlẹ̀: ó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé láti inú ihò èèpo, ó ń lé èyí tó ti lò jáde. Láti nǹkan bí ọjọ́ 11, ó tún ń yọ kálísíọ́ọ̀mù láti ara èèpo lọ kọ́ egungun. Èyí tó pọ̀ jù nínú kálísíọ́ọ̀mù ara òròmọdìyẹ, èèpo ló ti wá. Ìdí nìyẹn tí èèpo ẹyin tó pa fi máa ń rọrùn láti fọ́.

Pupa ẹyin fúyẹ́ níhà tí ọlẹ̀ wà, ọlẹ̀ ló máa ń wà lókè nígbà gbogbo. Tí ẹ ò bá yí i, á léfòó lọ lẹ̀ mọ́ awọ inú èèpo, pàápàá láàárín ọjọ́ 3 sí 7. Nǹkan kejì ni pé tí a kò bá yí i, allantois kì í tàn dé ìdí ṣóṣóró, funfun ẹyin á ṣẹ́ kù síbẹ̀ láìjẹ, ọlẹ̀ kò ní rí omi àti oúnjẹ inú rẹ̀ lò. Ẹ bá fọ́ ẹyin ọlọ́jọ́ 21 tí ẹ rí funfun ẹyin tó ki bíi lẹ́ẹ̀ẹ́ ní ìdí ṣóṣóró, ọ̀rọ̀ yíyí ni. Ẹ̀rọ ńlá ń yí i ní wákàtí wákàtí, ní igun 45 síhìn-ín, 45 sọ́hùn-ún. Ẹni tó ń fi ọwọ́ yí i, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, kó jẹ́ iye tí kì í ṣe méjì-méjì, kí ẹ̀gbẹ́ kan náà má bàa wà lókè ní gbogbo òru. Ní ọjọ́ 18, ẹ dáwọ́ dúró.

Ọjọ́ 3 ni ẹsẹ̀ àti apá yọ bí kókó. Ọjọ́ 6, àgógó ẹnu ti ń hàn. Ọjọ́ 8, ibi tí ìyẹ́ yóò ti hù ti tò sára. Ọjọ́ 13, èékánná àti ìpẹ́ ẹsẹ̀ ti wà. Ohun kan tí mo fẹ́ràn láti máa fi han akẹ́kọ̀ọ́ ni ìka ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ 6, ẹsẹ̀ adìyẹ àti ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ jọra, méjèèjì ní awọ láàárín ìka. Ti adìyẹ, àṣẹ kan á dé pé kí àwọn sẹ́ẹ̀lì àárín ìka kú, wọ́n á kú, ìka á yà sọ́tọ̀. Ti pẹ́pẹ́yẹ, nǹkan mìíràn á dí àṣẹ náà lọ́wọ́, awọ á dúró, ìyẹn ló fi ń lúwẹ̀ẹ́. Nínú ọlẹ̀, ikú sẹ́ẹ̀lì wà lára iṣẹ́ kíkọ́ ara.

DókítàẸran

Èmi á fi ti ọjọ́ 8 sí 17 kún un. Bí ohun gbogbo bá lọ dáadáa, ọlẹ̀ kì í sábà kú ní àkókò yìí. Ikú inú ẹyin ń ga lẹ́ẹ̀mejì: ní ọjọ́ 3 sí 4 àti ní ọjọ́ 18 sí 21. Nítorí náà, bí òkú àárín bá pọ̀, ẹ má wo ẹ̀rọ nìkan, ẹ wo oúnjẹ ìyá. Fítámì B2 tó dín kù ń pa ọlẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 9 sí 14. Ìyẹ́ rẹ̀ á ká jọ sínú awọ, ìka ẹsẹ̀ á tẹ̀. Màńgánéèsì tó dín kù ń mú ẹsẹ̀ kúrú, àgógó ẹnu á rí bíi ti odídẹrẹ́. Oúnjẹ tí wọ́n pò fún adìyẹ ẹlẹ́yin jíjẹ kò tó fún adìyẹ tí ẹ fẹ́ fi ẹyin rẹ̀ sàba. Ó lè máa yé lójoojúmọ́ kí ẹyin sì má ní ohun tí ọlẹ̀ nílò.

Òmíràn ni àbùdá àjogúnbá. Ẹ̀yin tó ń sin adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, ẹ ṣọ́ra. Àbùdá ẹsẹ̀ kúkúrú kan wà tó jẹ́ pé bí ọlẹ̀ bá gbà á lọ́dọ̀ baba àti ìyá, ó ń kú ní nǹkan bí ọjọ́ 3 sí 4. Nítorí náà, bí àkùkọ àti adìyẹ bá ní in, ọ̀kan nínú mẹ́rin ẹyin wọn kò ní pa, kò sí ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe sí i. Ẹ fi akọ ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú gun abo ẹlẹ́sẹ̀ gígùn.

Ọlẹ̀ adìyẹ tí à ń sọ yìí wúlò fún ènìyàn náà. Inú ọlẹ̀ adìyẹ ni wọ́n ti ń sin kòkòrò tí wọ́n fi ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, iṣẹ́ tí Max Theiler fi gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Yàrá iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá, Èkó, ṣe abẹ́rẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di 1991.

Àkànní_Ẹja

Àwa tí a ń sin ẹja àrọ̀ ń kà o. Ṣé bákan náà ni tiwa?

Olùkọ́Ẹ̀dá

Ìpele mẹ́ta náà wà, àmọ́ eré ló ń sá. Ní 25°C, ẹyin àrọ̀ ń pa ní nǹkan bíi wákàtí 27. Ní 30°C, bíi wákàtí 20. Kò ní èèpo, kò ní allantois. Omi ló ń mú afẹ́fẹ́ wá fún un, nítorí náà omi gbọ́dọ̀ máa ṣàn. Àtọ̀ àrọ̀ kì í rìn ju ìṣẹ́jú kan lọ lẹ́yìn tó bá kan omi, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pò ó mọ́ ẹyin gbígbẹ kí wọ́n tó da omi sí i. Gíráàmù 1 ẹyin ní tó 600 sí 700. Ẹ tẹ́ ẹ sórí àwọ̀n ní ìpele kan ṣoṣo. Èyí tó bá di funfun ti kú, olú á sì hù lára rẹ̀ lọ bá àwọn alààyè. Àpò pupa tó gbé sára tó fi pa ń tó o jẹ fún nǹkan bí ọjọ́ 3, lẹ́yìn náà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ.

AlábòójútóẸ̀rọ

Ó ku ìbéèrè Màmá kẹta: òròmọdìyẹ tó pé tó sì kú. Omi ni ẹ óò kọ́kọ́ wò. Ẹyin gbọ́dọ̀ pàdánù ìdá 11 sí 13 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀ kó tó di ọjọ́ 18, kí àpò afẹ́fẹ́ ìdí rẹ̀ lè tóbi tó. Ẹ fi òṣùwọ̀n wò ó. Kíréètì kan tí ẹyin 30 inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 1,800, láìka kíréètì fúnra rẹ̀, yẹ kó ti fi bíi gíráàmù 84 sílẹ̀ ní ọjọ́ 7, 120 ní ọjọ́ 10, 216 ní ọjọ́ 18. Bí kò bá dín tó, ọ̀rinrin pọ̀ jù, ẹ yọ omi díẹ̀ tàbí kí ẹ ṣí ihò afẹ́fẹ́. Bó bá dín jù, ẹ fi omi kún un. Ọ̀rinrin ìdá 50 sí 55 ló sábà máa ń bá a mu fún ọjọ́ 18 àkọ́kọ́, àmọ́ nígbà òjò ní Èkó tàbí Ìkòròdú, afẹ́fẹ́ òde nìkan lè ti tó. Nígbà ọyẹ́, kò ní tó. Òṣùwọ̀n ló ń sọ òtítọ́.

Ní ọjọ́ 14, ọlẹ̀ yí orí sí ìdí tó gbòòrò. Ọjọ́ 17 sí 18, orí rẹ̀ wà lábẹ́ apá ọ̀tún, àgógó ẹnu kọjú sí àpò afẹ́fẹ́. Ọjọ́ 19 sí 20, ó ń fa ìyókù pupa ẹyin wọ inú ikùn láti ojú ìdodo, ó sì ń fi àgógó ẹnu lu awọ àpò afẹ́fẹ́. Èémí àkọ́kọ́ tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ mí láyé nìyẹn. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò tó o fún ìgbà pípẹ́, iṣan ọrùn rẹ̀ á máa súnkì, eyín kékeré orí àgógó ẹnu á la èèpo. Láti ìgbà tó bá la èèpo di ìgbà tó máa jáde, wákàtí 12 sí 24.

Nísinsìnyí, ẹ wo ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́. Ẹyin tí kò pàdánù omi tó: àpò afẹ́fẹ́ kéré, ọlẹ̀ wú, omi bò ó nímú nígbà tó fẹ́ mí. Ẹyin tó gbẹ jù: awọ gbẹ mọ́ ìyẹ́ lára, kò lè yí. Ẹyin tí wọ́n fi ìdí ṣóṣóró sí òkè: orí lọ síbi tí kò sí àpò afẹ́fẹ́. Ooru tó ga ní ọjọ́ 15 sí 18: ó jáde ṣáájú àkókò pẹ̀lú ìdodo tí kò dí, orúnkún á pọ́n. Ẹ̀rọ tí ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ dí: gbogbo wọn á kú pọ̀ lọ́jọ́ kan. Ní ọjọ́ 18, ẹ gbé ọ̀rinrin lọ sí ìdá 65 sí 70, ẹ má sì máa ṣí ẹ̀rọ wo ojú wọn, torí gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i ni awọ ń gbẹ.

ỌmọÀgbẹ̀

Ṣé kò dáa ká bá a bó èèpo tó bá ti lu ihò?

DókítàẸran

Ẹ má kánjú. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lu èèpo, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nínú allantois, pupa lè má tíì wọ ikùn tán. Ẹ bá bó o, ẹ̀jẹ̀ á dà, ìfun àti pupa á wà níta, yóò kú lọ́wọ́ yín. Tó bá ti kọjá wákàtí 24 láti ìgbà tó lu ihò tí kò sì tẹ̀ síwájú, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tu awọ ẹgbẹ́ ihò náà, ẹ rọra ya á díẹ̀. Bí ẹ bá rí iṣan tó pupa, ẹ dúró, ẹ dá a padà. Bí awọ bá funfun gbẹ, ẹ lè tẹ̀ síwájú ní ìhà orí, kí ó fúnra rẹ̀ ti ìdí jáde.

AlábòójútóẸ̀rọ

Màmá, bí ẹ ṣe máa fọ́ ẹyin tí kò pa nìyí. Ọjọ́ 21 àti wákàtí 12, ẹ kó gbogbo ẹ̀ jọ. Ẹ bó èèpo láti ìdí tó gbòòrò, ẹ kọ ohun tí ẹ rí sí ìwé: kò ní ọlẹ̀; òrùka ẹ̀jẹ̀; ojú dúdú láìsí ìyẹ́ (ọjọ́ 5 sí 9); ìyẹ́ díẹ̀ (ọjọ́ 11 sí 14); ó pé àmọ́ kò kan àpò afẹ́fẹ́; ó pé, ó sì kan án; ó lu èèpo kó tó kú. Ẹ tún wo ibi tí orí wà, bóyá ìdí ṣóṣóró ni tàbí ìdí tó gbòòrò. Ẹyin tó ń rùn tàbí tó dúdú, ẹ fọ́ ọ sínú garawa omi tó ní kílóríìnì, lókèèrè, torí ó lè bú. Ẹ ṣe é fún kíréètì 3 sí 4 láti oríṣiríṣi ibi nínú ẹ̀rọ. Bí òkú bá pọ̀ níbì kan ṣoṣo nínú ẹ̀rọ, ooru ibẹ̀ ni ẹ óò lọ wọ̀n. Bó bá pọ̀ káàkiri, ẹ lọ wo yàrá ìpamọ́ àti oúnjẹ ìyá.

ÌyáOlóko

Ẹ ṣé gan-an ni. Ó ku ẹyọ kan: tí wọ́n bá ti jáde, ìgbà wo ni ká kó wọn kúrò nínú ẹ̀rọ?

AlábòójútóẸ̀rọ

Tí ìyẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ti gbẹ, àmọ́ tí ọrùn àwọn díẹ̀ ṣì tutù. Ẹ má dúró de èyí tó pẹ́ jù. Pupa ẹyin tó wà ní ikùn wọn lè gbé wọn fún wákàtí 48 sí 72, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi mọ́tò gbé òròmọdìyẹ ọlọ́jọ́ kan láti Ìbàdàn dé ọ̀nà jíjìn láìjẹun. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pẹ́ nínú ẹ̀rọ, omi ara wọn á gbẹ, ẹsẹ̀ wọn á sì rí ṣínrínṣínrín. Ẹ kọ́kọ́ fún wọn ní omi, lẹ́yìn náà oúnjẹ, kí ibi tí ẹ kó wọn sí ti gbóná tó 32 sí 34°C kí wọ́n tó débẹ̀.